Orúkọ ni Toronto rà, wọn kò wo ẹsẹ̀: ẹjọ́ Hakeem Ọlájùwọ́n



Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ lójú ewé àwọn òǹkàwé kí n fi dá sí ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ níbi tí a ti máa ń ka ìwé ìròyìn láràárọ̀ ládùúgbò wa. Káfíńtà ni mí, mo sì ti fẹ̀yìn tì. N kò gbá bọ́ọ̀lù kankan rí ju ti ọmọdé lọ. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí mo ti ń fọkàn bá bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n lọ, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, nítorí ọmọ wa kan tó ti Èkó lọ di ọba nídìí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Hakeem Ọlájùwọ́n ni mò ń wí.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló là á sílẹ̀ pé ìwà àìmoore gbáà ni ẹgbẹ́ Houston Rockets hù lọ́dún 2001, nígbà tí wọ́n mú ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ méjì fún wọn, tí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Toronto Raptors ní ilẹ̀ Kánádà. Ó ní bí ẹni ta ògbólógbòó ewúrẹ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ télọ̀ dá a lóhùn pé irọ́ ni, ara Hakeem ti kọṣẹ́ kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, Toronto gan-an ni wọ́n rẹ́ jẹ. Ariwo bá sọ. Nígbà tó yá, wọ́n yíjú sí mi pé, "Bàbá Káfíńtà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ dá ẹjọ́ yìí." N kò lè dá a tán lórí ìdúró, ni mo ṣe ní kí n kúkú kọ̀wé.

Kí n tó dá ẹjọ́ ẹlòmíràn, n ó jẹ́wọ́ tèmi ná. Lọ́dún 2001 tí mo gbọ́ pé Hakeem ti dé Toronto, èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo pé ife ẹ̀yẹ ti dé Kánádà. Mo tilẹ̀ bá ẹnì kan jiyàn títí a fi bínú síra wa. Ibi tí mo ti ṣìnà ni pé orúkọ ni mo wò. Bí mo bá gbé agbára ọkùnrin náà sí ọwọ́ kan òṣùwọ̀n, tí mo gbé àléébù rẹ̀ sí ọwọ́ kejì, n kì bá tí sọ bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n yẹn ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Nínú líìgì NBA, wọn kì í sábà fi owó ra ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì bí a ti mọ̀ ọ́n nídìí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Pàṣípààrọ̀ ni: fún mi ní tìrẹ, kí n fún ọ ní tèmi. Lọ́dọọdún, wọ́n tún máa ń pín àwọn ọ̀dọ́ tuntun fún àwọn ẹgbẹ́, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti mú ọ̀kan bó bá kàn án. Ẹ̀tọ́ yìí pàápàá ṣe é fi pààrọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, Houston fún Toronto ní Hakeem, Toronto sì fún Houston ní ẹ̀tọ́ méjì nínú ìpín ọdún 2002, ọ̀kan ní ìpele kìíní, ọ̀kan ní ìpele kejì. Kò sí géńdé kankan tó ti Toronto wá. Ọmọ ọdún 38 ni Hakeem nígbà náà, nítorí ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 1963 ni wọ́n bí i ní Èkó. Sáà 17 ló ti lò ní Houston, ó sì ti jáde fún wọn nígbà 1,177, láìka àwọn eré àṣekágbá mọ́ ọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ agbára ná.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni rà bó bá ra Hakeem ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Lóòótọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú sáwọ̀n, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló ń gbé ènìyàn débi tí ọwọ́ yóò ti jù ú. Nígbà tí ó wà ní Èkó, bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀, aṣọ́lé sì ni nínú ti ẹlẹ́sẹ̀. Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n, nígbà tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ta á láti kékeré. Àmọ́ ohun tí ó kọ́ nídìí ààbò ilé ló gbé lọ síbẹ̀. Yóò kọ ẹ̀yìn sí àwọ̀n, yóò mi èjìká sí ọ̀tún, ẹni tó ń ṣọ́ ọ yóò fò sí ọ̀tún, òun yóò sì ti gba òsì lọ. Bí ẹni yẹn bá tún ta mọ́ra, yóò ti padà sí ọ̀tún. Àwọn ará ibẹ̀ ń pe Hakeem ní Dream, ìyẹn Àlá, wọ́n sì sọ ijó ẹsẹ̀ yìí ní Dream Shake. Lọ́dún 1995, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá David Robinson ti San Antonio lọ́lá pé òun ni ó peregedé jù lọ ní gbogbo líìgì, ni Hakeem bá pàdé rẹ̀ nínú eré tó kángun sí àṣekágbá, ó sì ń jẹ àmì tó lé ní 35 lójúmọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Robinson kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ijó ni kò mọ̀.

Èkejì ni ọwọ́ rẹ̀ níwájú àwọ̀n tirẹ̀. Láti sáà 1973 sí 1974 ni líìgì náà ti ń ka iye ìgbà tí ènìyàn bá fọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù ẹlòmíràn dànù kí ó tó dé àwọ̀n. Láti ìgbà náà títí di òní, kò sí ẹni tó ṣe é tó Hakeem. Nígbà tí ó fi fẹ̀yìn tì, iye rẹ̀ jẹ́ 3,830. Ó sì tún já bọ́ọ̀lù gbà mọ́ àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́ nígbà 2,162. Òun nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ti kọjá 2,000 nínú méjèèjì. Kí ni èyí ń sọ fún wa? Gígùn nìkan kọ́, nítorí àwọn tó ga jù ú lọ pọ̀. Ojú tó tètè ríran ni, àti ẹsẹ̀ tí kì í pẹ́ gbéra. Ẹ rántí eré kẹfà nínú àṣekágbá ọdún 1994. New York Knicks ń jù ú kẹ́yìn láti gba ife lọ, àmì méjì péré ni Houston fi wà níwájú. John Starks fò, ó jù ú, ìka Hakeem sì kan bọ́ọ̀lù náà lójú òfuurufú. Àmì 86 sí 84 ló parí sí, Houston sì gba ife ẹ̀yẹ ní eré keje.

Ẹ̀kẹta ni ìwà àti ìrírí. Lọ́dún 1994 yẹn, òun ni wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó peregedé jù, òun náà ni ẹni tó mọ ààbò ṣe jù, òun náà sì ni akọni àṣekágbá. Kò sí ẹni tó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nínú sáà kan ṣoṣo ṣáájú rẹ̀. Mùsùlùmí tòótọ́ ni. Nínú oṣù Ààwẹ̀ ọdún 1995, ó ń gba ààwẹ̀, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù, síbẹ̀ òun ni wọ́n dá lọ́lá fún oṣù kejì ọdún náà. Ẹgbẹ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wọ̀, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ yóò rí àwòkọ́ṣe. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ wá jẹ́ ká lọ sí ọwọ́ kejì òṣùwọ̀n, ibi tí èmi kò wò lọ́dún náà.

Àléébù kìíní, ara. Sáà kan jẹ́ eré 82. Ní sáà 1997 sí 1998, 47 péré ni Hakeem bá wọn jáde. Ní ti ọdún 1999, nígbà tí ìjà àwọn olówó àti àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ gé sáà náà kúrú sí 50, gbogbo rẹ̀ ló gbá, ó sì ṣe dáadáa, ó ń jẹ àmì bíi 19 lójúmọ́. Àmọ́ ní sáà tó tẹ̀ lé e, 44 nínú 82. Ní sáà 2000 sí 2001, 58. Ẹ̀jẹ̀ tún dì sí i lẹ́sẹ̀ ní ọdún 2001 yẹn, èyí tó ju kí orúnkún kan máa ro ni lọ. Ní ọdún 1994 tó gba ife, àmì tó lé ní 27 ló ń jẹ lójúmọ́. Ní sáà tó gbẹ̀yìn ní Houston, kò pé 12. Ẹni tó bá ní etí, ó yẹ kó ti gbọ́ ohun tí òǹkà yẹn ń sọ. Èmi gbọ́ ọ lórí rédíò, mo sì ní òǹkà kì í mọ ènìyàn.

Àléébù kejì, irú iṣẹ́ tó mọ̀. Hakeem kì í ṣe ẹni tó ń dúró ní òkèèrè jù ú sáwọ̀n. Ẹ ní láti gbé bọ́ọ̀lù fún un nítòsí, kí gbogbo ẹgbẹ́ dúró díẹ̀, kí òun bẹ̀rẹ̀ ijó rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní kíkún, ìdúró yẹn tọ́, nítorí bí ẹnì kan bá ń ṣọ́ ọ, yóò jẹ àmì, bí ẹni méjì bá sì wá, yóò fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lófìfo. Ṣùgbọ́n bí ijó bá ti lọ́ra, ẹgbẹ́ kan náà yóò kàn dúró lásán ni. Ní ti jíjù ọ̀fẹ́ tí wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n bá ṣe fáòlù sí, bíi 71 nínú 100 ló ń wọlé fún un ní gbogbo ayé rẹ̀. Kò burú, kò sì ṣe é fi yangàn.

Àléébù kẹta kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ rárá, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí. Ní sáà tí wọ́n gbé e lọ Toronto gan-an ni líìgì náà yí òfin padà. Tẹ́lẹ̀, ènìyàn ni o gbọ́dọ̀ ṣọ́. O kò gbọ́dọ̀ kàn dúró sójú kan máa ṣọ́ àyè lásán. Láti sáà 2001 sí 2002, wọ́n ní ẹgbẹ́ lè máa ṣọ́ agbègbè. Ẹ wo ohun tí èyí ṣe fún ẹni tó ń kọ ẹ̀yìn sí àwọ̀n: kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbé e fún un, ẹnì kan ti dúró níwájú rẹ̀, ẹnì kan ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tún fi òfin mìíràn lé e pé ẹni tí kò bá ṣọ́ ẹnikẹ́ni nítòsí kò gbọ́dọ̀ dúró nínú àpótí tó wà níwájú àwọ̀n tirẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Ẹni tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ló ti ń ṣọ́lé bí ajá! Bí ó bá jẹ́ Hakeem ọdún 1994 ni, yóò jáde, yóò sì padà wọlé kí a tó ṣẹ́jú. Ẹni ọdún 38 tí ẹsẹ̀ ń dùn, ìjáde ìwọlé yẹn ni ìyà rẹ̀.

Ṣé ẹ ti ń rí i bí òṣùwọ̀n náà ṣe ń tẹ̀? Àmọ́ kò tíì tán. Ohun kan wà tó ju agbára àti àléébù lọ, òun ni ilé tí wọ́n ń gbé e wọ̀. Pákó ìrókò dára, ṣùgbọ́n bí ibi tí o fẹ́ kàn án mọ́ bá kọ̀ ọ́, ìrókò kò ní lè ràn ọ́ lọ́wọ́.

Toronto ní ẹni tirẹ̀. Vince Carter ni, ọmọ ọdún 24, tó ń fò bí ẹni pé ilẹ̀ ń jó o lẹ́sẹ̀. Lọ́dún 2001 ni ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ borí ní ìpele kan nínú eré ìdíje ife, tí wọ́n lé New York lọ sílé. Philadelphia ló wá dá wọn dúró ní eré keje, nígbà tí èyí tí Carter jù kẹ́yìn kò wọlé. Àmì kan péré ló kù wọ́n kù. Ẹgbẹ́ tó kù díẹ̀ báyìí, kí ló yẹ kó wá? Lójú tèmi, ẹni tí yóò sáré pẹ̀lú Carter, tàbí ẹni tí yóò dúró lókèèrè jù ú nígbà tí gbogbo ayé bá ti rọ́ bo Carter. Wọ́n wá lọ mú ọba kejì tí òun náà fẹ́ kí bọ́ọ̀lù wá bá òun nítòsí àwọ̀n, tí kò sì lè sáré mọ́. N kò sọ pé Hakeem kò wúlò o. Mo ní ohun tó mú dání kọ́ ni ohun tí ilé náà ń wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo kàn kórìíra kí wọ́n máa ra àgbà ni, kó wo Clyde Drexler. Òun àti Hakeem jọ gbá bọ́ọ̀lù ní Yunifásítì Houston. Ní oṣù kejì ọdún 1995, Houston pààrọ̀ Otis Thorpe pẹ̀lú ẹgbẹ́ Portland, wọ́n sì gba Drexler wá. Ọmọ ọdún 32 ni, kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀ ni sísáré, jíjù láti ẹ̀gbẹ́, àti gbígba ẹrù lórí Hakeem nígbà tí wọ́n bá ká a mọ́. Houston wọ inú eré ìdíje ife ní ipò kẹfà lápá tiwọn, wọ́n sì gba ife náà, wọ́n na Orlando lẹ́ẹ̀mẹrin láìfi ẹyọ kan sílẹ̀. Drexler bọ́ sí ibi tó ṣófo nínú ilé Hakeem. Ní ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí Hakeem lọ jókòó sórí àga tí ẹlòmíràn ti wà lórí rẹ̀ ní ilé Carter. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọwọ́, kó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá pẹpẹ ló wà níwájú òun ni tàbí akèrègbè.

Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde kò ya ẹni tó wo òṣùwọ̀n lẹ́nu. Ní sáà 2001 sí 2002, eré 61 ni Hakeem gbá fún Toronto. Nínú ìṣẹ́jú 48 tí eré kan gbà, bíi 23 ni wọ́n ń lò ó. Àmì bíi méje ló ń jẹ lójúmọ́, bọ́ọ̀lù mẹ́fà tó ta padà lára irin ló sì ń gbà. Kò sí ìgbà kankan rí nínú ayé rẹ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ fetí sí èyí: iye tó ń gbá dànù níwájú àwọ̀n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dínkù sí ti ọdún tó ṣáájú. Ara ló lọ, ojú kò lọ. Carter fi orúnkún ṣèṣe, kò lè parí sáà náà. Toronto sáà fi agídí wọ eré ìdíje ife, Detroit sì na wọ́n ní mẹ́ta sí méjì. Kí sáà tó tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ti dá Hakeem dúró, ó sì fi eré náà sílẹ̀ lọ́dún 2002.

Ǹjẹ́ Houston wá jàǹfààní? Ní sáà àkọ́kọ́ láìsí Hakeem, 28 ni wọ́n borí nínú 82. Ìfìdírẹmi yẹn ló sọ wọ́n di ẹni tí oríire kàn láti mú ẹni àkọ́kọ́ nínú ìpín ọdún 2002, wọ́n sì mú Yao Ming, géńdé ará Ṣáínà. Ẹ̀tọ́ tiwọn ni wọ́n fi mú un, kì í ṣe èyí tí Toronto fún wọn. Nítorí náà, kò sí ẹni tó rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ bí ọ̀rẹ́ mi télọ̀ ti wí. Ní ti àìmoore, ní oṣù kọkànlá ọdún 2002, Houston pe Hakeem padà wálé, wọ́n gbé aṣọ rẹ̀ tó ní nọ́ńbà 34 kọ́ sókè àjà, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò tún gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́ nínú ẹgbẹ́ wọn. Ẹni tó ta ewúrẹ́ kì í tún gbé awọ rẹ̀ kọ́ sí pálọ̀ pẹ̀lú ọlá bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọ̀dọ́mọkùnrin wa náà kò jàre.

Ta ló wá jẹ̀bi? Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ojú èmi alára rí parí rẹ̀, nítorí òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi.

Ní nǹkan bí ọdún kan náà tí Hakeem lọ Toronto, mo gba iṣẹ́ òrùlé ilé alájà méjì kan. Onílé ń ṣiyè méjì sí mi. Mo bá lọ pe ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, bàbá tó ti lé ní ẹni 70 ọdún, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ nígboro. Bí onílé ti gbọ́ orúkọ náà, ó fọwọ́ síwèé. Mo kó bàbá lọ síbẹ̀, mo sì ní kí wọ́n bá wa gun òkè. Wọn kò sọ pé àwọn kò lè gùn ún. Ẹ mọ àwọn àgbà. Wọ́n gun àkàbà títí dé ìlàjì, ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n di igi mú, wọn kò lè lọ sókè, wọn kò lè sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ méjì ló lọ gbé wọn sọ̀. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀. Títí di òní, bí mo bá rántí bí ojú bàbá ti rí lọ́jọ́ náà, omi máa ń lé sí mi lójú. Kì í ṣe àwọn ni ìtìjú yẹ, èmi ni.

Wọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, wọn kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Igi kẹrin yẹn wọ́ o." A ní kò wọ́. Wọ́n ní ká ta okùn sí i. A ta okùn sí i, igi kẹrin wọ́ ní tòótọ́, bí a bá sì kan páànù lé e lórí, òjò ìbá máa jò sí yàrá onílé títí ayé. Láti ilẹ̀ ni bàbá ti rí ohun tí àwa mẹ́rin tó wà lókè kò rí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé àga sí abẹ́ igi fún wọn níbi iṣẹ́, tí mo sì ń san owó wọn pé, títí wọ́n fi padà lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Ẹ wá wo Hakeem lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Lọ́dún 2008 ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí gbọ̀ngàn àwọn akọni eré náà. Lọ́dún 2009, Kobe Bryant, tó ti gba ife mẹ́rin nígbà náà, lọ bá a ní Houston pé kó kọ́ òun ní ijó ẹsẹ̀. Dwight Howard lọ lọ́dún 2010. Lọ́dún 2011, LeBron James náà lọ, nígbà tí àwọn àti Miami ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ife. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gbà á. N kò ní Hakeem nìkan ló gbà á fún un, àmọ́ ẹni tó wo LeBron ní ọdún 2012 yóò rí i pé ó ti ń kọ ẹ̀yìn sí àwọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ tí kò lè gbé ara rẹ̀ káàkiri ní Toronto, òun ló ń gbé àwọn ẹlòmíràn dé ibi gíga. Àga abẹ́ igi tirẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹjọ́ tí mo dá nìyí. Houston kò jẹ̀bi, Hakeem kò sì jẹ̀bi. Bí ẹ̀bi bá wà, ti Toronto ni, àti ti èmi tó ń pariwo nílé. Ẹni tó bá fẹ́ díye lé òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibòmíràn, ìbáà ṣe agbábọ́ọ̀lù, ìbáà ṣe dírẹ́bà, ìbáà ṣe káfíńtà, ohun mẹ́ta ni kó bèèrè. Kí ló lè ṣe lónìí, kì í ṣe ní ọdún méje sẹ́yìn? Kí ni ara rẹ̀ kò gbà mọ́? Àyè wo ló ṣófo nínú ilé tí mo fẹ́ fi í sí? Bí o kò bá bèèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orúkọ ni o ń rà, orúkọ kì í sì í gun àkàbà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi àgbà ṣẹ̀sín pé agbára rẹ̀ ti lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ẹ má ṣe fi ọ̀wọ̀ tì í gun ibi tí kò lè gùn. Ìkejì yẹn ló ń dùn mí jù, nítorí òun ni mo ṣe. Bí ọ̀rẹ́ mi télọ̀ àti ọ̀dọ́mọkùnrin wa bá ka lẹ́tà yìí, kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, kí wọ́n jẹ́ ká rí ìwé ìròyìn kà ní àkàgbádùn.

 

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Káfíńtà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì,
Ìbàdàn.